Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ kíkì sínú Camaro kan ṣoṣo: ìrírí mi

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, torí nǹkan tó dá mi lágara fún oṣù mélòó kan kò ṣeé sọ ní ìlà méjì. Mo ní Chevrolet Camaro 1969 kan, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní muscle car, ẹ́ńjìnnì 350 ló wà nínú ẹ̀, V8, ìyẹn oní-sílíńdà mẹ́jọ. Ọkọ̀ yẹn jù mí lọ́jọ́ orí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ìyàwó mi gan-an mọ̀, kò sì bá mi jà lórí ẹ̀ mọ́. Àmọ́ kíkì ẹ̀, ìyẹn mọ́tò kékeré abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó máa ń yí i tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, òun ló fẹ́ sọ èmi àti ọkọ̀ náà di ọ̀tá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á sítáàtì wẹ́rẹ́. Àmọ́ tí mo bá wà á jáde tí ara ẹ̀ gbóná dáadáa, tí mo wá pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó tán nìyẹn. Màá yí kọ́kọ́rọ́, màá gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ nǹkan míì mọ́. Ilé epo ló ti kọ́kọ́ ṣe é fún mi. Mo ra epo tán, mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́, kọ́. Mo tún un yí, kọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè, ẹnì kan yọrí jáde ó ní "ọkọ̀ tó rẹwà tó báyìí ni ò lè sítáàtì?" Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó. Wọ́n bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó tì í bí ogójì ìṣẹ́jú, ìgbà tó tutù tán ó sítáàtì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é rí.

Kí n tó délé mo ti pinnu pé kíkì ti kú. Mi ò yẹ wáyà wò, mi ò wọn bátìrì, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló bí àwọn yòókù.

Mo tú kíkì náà, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta páàtì. Wọ́n ní ọkọ̀ wo ni, mo ní Camaro 1969, ẹ́ńjìnnì 350, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé kíkì kan jáde. Kì í ṣe tuntun, èyí tí wọ́n tún ṣe ni, àmọ́ wọ́n ti kùn ún dúdú ó ń dán, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé gàráńtì títí ayé. "Títí ayé" yẹn ló pa mí. Mo fún wọn ní tèmi kí wọ́n lè dín owó kù, torí wọ́n máa ń gba èyí tó bàjẹ́ padà lọ tún ṣe. Ẹ fọkàn sí ibí yìí ẹ jọ̀ọ́: kíkì tó ti ń yí ẹ́ńjìnnì mi láti ọjọ́ yìí, bó tilẹ̀ ń ṣe ségesège, òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní nípa ohun tó bá ọkọ̀ mi mu, mo sì fi í lé wọn lọ́wọ́ láì gbé òun àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Ká ní mo wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, mi ò bá má ní ìtàn tí mò ń sọ yìí.

Kíkì àtijọ́ wúwo gan-an. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ẹ ó máa fi ọwọ́ kejì wá ihò bóòtù, ìdọ̀tí á máa já bọ́ sójú yín. Bóòtù méjèèjì wọlé, inú mi dùn. Mo so wáyà, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Wíííííí. Kíkì ń yí fàà bíi fáànù, ẹ́ńjìnnì ò mira rárá.

Mo ní wọ́n ti ta èyí tó bàjẹ́ fún mi. Mo tú u, mo gbé e padà, wọ́n ò bá mi jiyàn, wọ́n fún mi ní òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Mo dé abẹ́ ọkọ̀ padà, mo dè é. Wíííííí. Ọjọ́ Sátidé mi ti lọ, apá ń ro mí, ọgbẹ́ wà ní ìka mi mẹ́ta. Gàráńtì títí ayé kì í bá èèyàn wọ abẹ́ ọkọ̀ o, ìyẹn ni wọn kì í kọ sára páálí. Páàtì nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀, iṣẹ́ àti àárẹ̀ tìẹ ni.

Bàbá kan wà tí mo mọ̀, rewáyà ni wọ́n, wọ́n ti ń tú kíkì palẹ̀ tún un tò kí wọ́n tó bí mi. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Eyín mélòó ni fláìwíìlì ẹ ní?"

Mo ní, "Bàbá, eyín bí ti báwo?"

Wọ́n ní, "Oò mọ̀, o sì lọ ra kíkì?"

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi rèé, tí ẹ bá ní Chevrolet V8 ayé ìgbà yẹn ẹ há a sórí. Fláìwíìlì, ìyẹn irin ńlá roboto eléyín ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí gíà kíkì máa ń yí, tàbí pèréte irin pẹlẹbẹ tó wà níbi ẹ̀ tó bá jẹ́ pé gíà ọ̀hún ń yí ara ẹ̀, oríṣi méjì ló pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí: eyín 153 tó fẹ̀ tó íńṣì 12¾, àti eyín 168 tó fẹ̀ tó íńṣì 14. Kíkì tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan ò lè bá ìkejì ṣiṣẹ́. Ti 153, ihò bóòtù méjèèjì tò sórí ìlà kan gbọọrọ. Ti 168, ọ̀kan wà níwájú ìkejì, wọ́n dagun síra. Ibi tí ìjàǹbá wà ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ni wọ́n ti lu ihò tó gba méjèèjì sí, nítorí náà èyí tí kò bá a mu máa wọlé geere, bóòtù á mú, ọkàn ẹ á balẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn ṣáájú mi ti pààrọ̀ gíà àti pèréte ẹ̀, eyín 153 ló gbé síbẹ̀. Kíkì ti 168 ni wọ́n tà fún mi lẹ́ẹ̀mejèèjì, gíà kékeré iwájú ẹ̀ ò tiẹ̀ débi tí eyín yẹn wà, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára àwọn kíkì yẹn. Èmi ni mo bàjẹ́.

Kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ta páàtì mọ ọkọ̀ tó jáde ní ilé iṣẹ́ ní 1969. Kò mọ ohun táwọn èèyàn ti ṣe sí i láti ìgbà yẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ mélòó ló ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é? Nítorí náà tí wọ́n bá bi mí báyìí pé ọkọ̀ wo ni, iye eyín ni mo kọ́kọ́ máa ń dá wọn lóhùn.

Ẹ ò ní láti tú gíà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ tú páànù tó bo iwájú ẹ̀ lábẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, ẹ yọ àwọn plọ́ọ̀gì kó lè rọrùn, ẹ wá fi sípánà máa yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ máa kà á títí àmì yẹn fi yí padà dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún lè wọn fífẹ̀ ẹ̀ tí àyè bá gbà yín, ìyàtọ̀ 12¾ àti 14 kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹnu dúró níbí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kíkì rárá, ẹ yọ wáyà odi, ìyẹn èyí tó wà níbi àmì −, lórí bátìrì. Wáyà ńlá tó dé ìdí kíkì kò ní fíúùsì, tààrà ló ti orí bátìrì wá. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, sípánà mi kan nọ́ọ̀tì wáyà yẹn àti ara ẹ́ńjìnnì pa pọ̀, iná ṣẹ́ yẹ̀rì, sípánà pọ́n bí ẹ̀yinná kí n tó jù ú nù. Mo ṣì ní i, ojú ibi tó jó wà lára ẹ̀. Jáàkì nìkan náà kò tó láti gbé ọkọ̀ dúró téèyàn bá máa wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi ìdúró irin tì í.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá jẹ́ ti 153. Wọ́n ti tún òun náà ṣe ni. Ó wọlé, ó yí, ọkọ̀ sítáàtì, mo fò sókè. Kí n má parọ́, mo gbọ́ ohùn kan tí kò dáa: tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà, bí mo bá ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, á han wíín bí ajá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní á wọra. Mo tún ti lo bóòtù méjì kan tí mo rí nínú agolo bóòtù mi, torí ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti sọnù. Irin kékeré kan sì wà tó máa ń di ìdí kíkì mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó nira láti dè, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní bóòtù méjì ti tó.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ gbóná, mo pa á, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́.

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀. Mo gbé orí lé sítíárìn. Gbogbo ìdààmú yẹn, ohun tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo sítáàtì láàárọ̀, mo gbọ́ gbàù, imú kíkì, ìyẹn ibi tí bóòtù gbà wọlé, ti sán.

Bàbá gbé e lé orí tábìlì, wọ́n ò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní bóòtù kíkì Chevrolet kì í ṣe bóòtù lásán, ọrùn ẹ̀ ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fún mọ́ ihò kó lè mú kíkì dúró lójú kan. Bóòtù lásán á jẹ́ kó máa yẹ̀. Wọ́n ní irin ìdí tí mo jù nù yẹn, ẹ̀yìn kíkì ló ń gbé dúró, láìsí i gbogbo agbára tó fi ń yí V8 á máa tẹ imú ẹ̀ nìkan. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé imú kíkì ló sán, nítorí nígbà míì ara ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló máa ń ya níbi ihò bóòtù, ìyẹn sì ni ẹkún gidi.

Ohùn wíín yẹn náà ní ìtumọ̀, mo sì gbádùn ìmọ̀ yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Tí kíkì bá ń han nígbà tó ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, kó tó gbà, gíà ẹ̀ jìnnà jù sí eyín. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbà tán ló ń han, ó sún mọ́ ọn jù. Tèmi sún mọ́ ọn jù. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ni ṣímù, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sáàárín kíkì àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa gíà kékeré yẹn jáde wọnú eyín, nígbà tí bátìrì ti wà ní yíyọ o, ẹ wá wo àyè tó kù láàárín ṣóńṣó eyín ọ̀kan àti ìsàlẹ̀ eyín ìkejì. Bí 0.020 sí 0.035 íńṣì ló yẹ kó jẹ́, wáyà tí wọ́n fi ń ṣe pépà kílíìpù sún mọ́ ọn. Ẹ wò ó níbi mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa yí ẹ́ńjìnnì, torí pèréte yẹn lè ti tẹ̀ níbì kan.

Ó wá ku ohùn "kọ́" yẹn. Bàbá ní kí n má tíì ra nǹkan kan. Wọ́n yá mi ní kíkì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò, wọ́n yọ iná kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń gbé iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbà, wọ́n gbé mítà jáde. Bátìrì mi ka volt 12.6 nígbà tí nǹkan kan ò ṣiṣẹ́, bó ṣe ń yí ẹ́ńjìnnì kò wálẹ̀ dé 9.6 tó jẹ́ ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Bátìrì ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá fi ẹnu mítà kan lé orí bátìrì gan-an, ìkejì sídìí kíkì níbi tí wáyà ńlá wọlé, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kó ju ìdajì volt kan lọ. Ó ka 1.4. Wọ́n gbé e sí apá odi, láti orí bátìrì sí ara kíkì, ibi tí kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 0.2 lọ. Ó ka 0.9. Volt méjì àti lé ló ń ṣòfò sójú ọ̀nà kí iná tó ṣiṣẹ́! A la wáyà náà, inú ẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di aláwọ̀ ewé. Wáyà odi ní tiẹ̀, orí irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n dè é mọ́.

Gbogbo owó tí mo ti ná, mi ò tíì ná kọ́bọ̀ kan sórí wáyà.

Kẹ́ ẹ lè rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: lórí Chevrolet yìí, solenoid tó ń ti gíà jáde, orí kíkì níbẹ̀ ló wà, páìpù sàlénsà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ tún ti gbé hẹ́dà, ìyẹn páìpù èéfín ńlá tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, sí i, páìpù yẹn wá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu ko kíkì lẹ́nu. Kópà tó bá gbóná kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa mọ́. Tó bá fi ìwọ̀n Celsius 80 gbóná ju tẹ́lẹ̀ lọ, ìdíwọ́ inú ẹ̀ á fi bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ wá ro wáyà tó ti dípẹtà mọ́ ọn. Láàárọ̀ agbára tó kù á tó, tó bá gbóná kò ní tó, ó di kọ́. A pààrọ̀ wáyà méjèèjì sí èyí tó nípọn, a ha ọ̀dà kúrò, wàhálà náà dín kù gan-an, kò tán. Bàbá tún yẹ táímìnì wò, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná, torí tó bá ti yára jù, ẹ́ńjìnnì á máa ti kíkì padà nígbà tó bá gbóná. Tèmi wà níbi tó yẹ.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yan kíkì bó ṣe yẹ kéèyàn yàn án. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé solenoid bíi ti Ford sára ògiri ọkọ̀, torí Ford ti gbé tiwọn jìnnà sí ooru láti ilé iṣẹ́, kí n wá fi irin kékeré so ẹnu wáyà méjì pọ̀ lórí kíkì. Lórí kíkì àtijọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ lórí kíkì kékeré ìgbàlódé tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, ẹ má dán an wò. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mọ́tò náà á ṣì máa yí, á máa pèsè iná fún solenoid tiẹ̀, gíà á há sínú eyín pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe é.

Kíkì kékeré onígíà ni mo mú, èyí tí mọ́tò ẹ̀ ń sáré gan-an, tí gíà inú ẹ̀ wá ń sọ eré yẹn di agbára. Kì í ṣe nǹkan àná, Chrysler ti ń gbé kíkì onígíà sínú ọkọ̀ wọn láti 1962, ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀ rí kò ní gbàgbé. Tèmi fúyẹ́ tó bí ìdajì ti àtijọ́, ó kéré débi tí àyè fi wà láàárín òun àti hẹ́dà, imú ẹ̀ sì ṣeé yí kí solenoid lè kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dáa o. Èyí tí mo yàn, àwọn tó ṣe é kọ iye eyín tó gbà, ihò ẹ̀ gba 153 àti 168, bóòtù ẹ̀ àti ṣímù wà nínú páálí, wọ́n sì ń ta solenoid àti gíà ẹ̀ lọ́tọ̀. Tuntun ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kùn. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé àwòrán ni wọ́n ní, kò sí ìwọ̀n kankan níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ogún ni wọ́n kàn kọ sí i. Mo sá fún wọn.

Kò tún ṣàì ní tiẹ̀. Mo dè é, ó yí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń yí kẹ̀kẹ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kì í gbà àfi ìgbà tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Wáyà yẹ́lò kan wà lórí kíkì àtijọ́ tí mi ò rí ibi tí màá so ó mọ́ lórí tuntun, mo kàn fi téèpù dì í. Kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré àtijọ́ tó ń já iná kọ́ìlì tó sì ń so ó padà, ni ọkọ̀ mi ṣì ń lò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi wáyà kan dín iná tó ń lọ sí kọ́ìlì kù, kó má baà jó. Iṣẹ́ yẹ́lò yẹn ni pé, nígbà tí kíkì bá ń yí, kó gbé iná kíkún lọ fún kọ́ìlì. Kíkì kékeré mi ò ní ẹnu fún un. Bàbá fi rìléè kékeré kan, ìyẹn súìṣì tó ń fi iná ṣiṣẹ́, ṣe é, ẹ má kàn so wáyà kọ́ìlì mọ́ wáyà tó ń jí solenoid o, torí iná kọ́ìlì á padà gba ibẹ̀ lọ jí kíkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ígníṣọ̀n ìgbàlódé lẹ ti gbé sí tiyín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má nílò ẹ̀ rárá.

Ọjọ́ tó gbóná jù lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ wà á lọ sí ilé epo yẹn gan-an. Mo pa á, mo ra epo díẹ̀, mo dúró títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe fi kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbà kí n tó yí i tán. Ọmọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ohùn ẹ̀ ti wá dà bíi ti ọkọ̀ kékeré báyìí, ó sì jóòótọ́, mi ò fẹ́ràn ohùn yẹn.

Bàbá ti fi imú tuntun sí kíkì 153 tó sán yẹn, wọ́n pààrọ̀ búṣì àti kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, wọ́n gbé e fún mi padà. Orí pẹpẹ ló wà nínú gáréèjì. Mo fi máákà funfun kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: eyín 153, ihò bóòtù orí ìlà kan, ṣímù kan. Bóòtù ẹ̀ méjèèjì àti irin ìdí ẹ̀ wà nínú ọ̀rá tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn.